Orúkọ Tí Flavienne Kò Jẹ́ Pè

Ìgbà àkọ́kọ́ tí Arlette gbọ́ ohùn náà, ó gbà pé Flavienne ló ń sọ̀rọ̀. Inú mọ́tò ló wà, ó ń ti Porto-Novo bọ̀, ó kù díẹ̀ kó dé Sakété, nígbà tí ẹnì kan fi fókáálì kan, ìyẹn ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ sórí fóònù, ránṣẹ́ sí i lórí Wọ́sáàpù. Ọmọ àbúrò ìyá rẹ̀ ni Flavienne. Ilé kan náà ni wọ́n ti dàgbà ní Pobè. Arlette mọ bó ṣe ń fa ìparí ọ̀rọ̀. Ó mọ bó ṣe ń mí sínú kó tó sọ ohun tó bá dùn ún. Gbogbo rẹ̀ ló pé síbẹ̀. Ohùn náà ní òun ló fi nǹkan sínú ọbẹ̀ Innocent, òun kò sì kábàámọ̀. Ó ní bí Béatrice kò bá gbẹ́nu dákẹ́, yóò bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ.

Innocent ni ọkọ Flavienne. Ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wà ní ọ̀nà Onigbolo. Inú rírun ló mú un ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, kò sì pẹ́ tó fi kú. Béatrice ni àbúrò rẹ̀ obìnrin. Wọ́n ti sin òkú, ẹkún ti rọlẹ̀, kí ohùn náà tó jáde. Láti ọwọ́ dé ọwọ́ ló ń lọ ní Aguidi, níbi tí ilé ọkọ Flavienne wà, títí tó fi dé ọjà Sakété níbi tí Flavienne ti ń ta gàrí. Kí ọjà mìíràn tó pé, àwọn ẹbí ọkọ ti kó ẹrù rẹ̀ síta. Ó padà sí Pobè lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Wọ́n gba àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, Pacôme àti Fabiola, lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní ọmọ kò ní í jẹun lọ́wọ́ tó pa bàbá rẹ̀.

Nígbà tí Arlette tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ kan gún un létí. Ó dá a padà, ó sì tẹ́tí. Béatrice. Ohùn náà pe Béatrice.

Kò sí ọmọ Pobè tí kò mọ̀ pé ìyàwó kì í pe orúkọ àwọn tó bá nínú ilé ọkọ. Ọmọ tí wọ́n bí kí ìyàwó tó wọlé, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́, ọkọ ló jẹ́ fún un. Ìyàwó ni yóò wò ó dáadáa, tí yóò fún un ní orúkọ tirẹ̀, orúkọ yẹn ni yóò sì máa pè é títí ọjọ́ alẹ́. Èyí tí bàbá àti ìyá sọ ọmọ wọn, èèwọ̀ ẹnu ìyàwó ni.

Iṣẹ́ Arlette ló jẹ́ kí ó mọ ohun tó ń gbọ́. Amòfin ni. Ó wà lára àwọn tí Benin rán sí ìgbìmọ̀ àgbáyé kan tó ń kọ àdéhùn lórí ọgbọ́n àtọwọ́dá, ìyẹn àwọn ẹ̀rọ tó ń kọ̀wé, tó ń ya àwòrán, tó sì lè fi ohùn ènìyàn sọ ohun tí ẹni náà kò sọ rí. Ìbéèrè tí wọ́n ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ níbẹ̀ kò ṣòro í sọ: bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ jí ohùn ẹnìkan lò, ta ni yóò dáhùn? Àwọn orílẹ̀-èdè tó ni ẹ̀rọ ń fẹ́ kí àwọn ilé-iṣẹ́ máa ṣọ́ ara wọn. Àwọn tí kò ní in ń bèèrè òfin. Ìpàdé tẹ̀ lé ìpàdé, wọ́n ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ ìṣáájú àdéhùn náà.

Ohùn díẹ̀ ni ẹ̀rọ nílò. Flavienne sì ti fi ohùn rẹ̀ sílẹ̀ níbi púpọ̀. Ìwé kíkọ kò yá a lọ́wọ́, fókáálì ló fi ń tajà: yóò kí oníbàárà, yóò sọ bí gàrí ṣe kúná tó, yóò ní kí wọ́n fojú sọ́nà fún mọ́tò. Láti Sakété dé Cotonou, ohùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ àti àwọn tí kò mọ̀. Ilẹ̀ Innocent tó wà létí ọ̀nà Onigbolo, níbi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń gbà kọjá, kì í sì í ṣe ojú kan ló wà lára rẹ̀. Ta ló ṣe fókáálì náà? Arlette kò mọ̀, kò sì sí ẹni tó mọ̀ títí di òní.

Ó fi fókáálì náà ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ kan ní òkè òkun tó ń yẹ ohùn wò bóyá ẹ̀rọ ló ṣe é. Èsì yá. Wọ́n ní àwọn dúpẹ́. Wọ́n ní èdè yìí kò sí lára èyí tí ẹ̀rọ àwọn lè yẹ̀ wò. Ó kọ̀wé sí àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ tó ń dá ohùn. Wọn kò fèsì. Kò sí òfin tó ní kí wọ́n fèsì.

Ẹ̀yìn ilé ló bá Flavienne ní Pobè, níwájú agbada, ó ń yan gàrí. Kò gbójú sókè.

"Ẹ kú ọ̀nà, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ti gbọ́ mi, àbí?"

"Mo gbọ́ fókáálì yẹn."

"Gbogbo ayé ló ti gbọ́ mi. Èmi nìkan ni mi ò mọ ìgbà tí mo sọ ọ́."

Arlette fa àpótí kan jókòó. "Kí lorúkọ àbúrò ọkọ rẹ?"

"Èwo nínú wọn?"

"Èyí tí wọ́n dárúkọ rẹ̀."

"Eyínfúnjowó."

"Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ni mò ń bèèrè."

Flavienne gbé ọwọ́ kúrò nínú gàrí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ mọ̀ pé mi ò lè pè é."

"Kò sẹ́ni tó ń gbọ́."

"Èmi ń gbọ́."

Èéfín ń gba àárín wọn kọjá. Flavienne ní ohun tó burú jù nìyẹn. Nínú gbogbo ohun tí ohùn náà sọ, orúkọ yẹn ló pa Béatrice lẹ́kún. Ó ń lu àyà, ó ń ké pé ìyàwó yìí kórìíra òun dé ibi tó fi la ẹnu pe òun bí ẹni pe ajá. Àwọn ẹbí ti gbọ́ àṣìṣe ẹ̀rọ náà. Ìkórìíra ni wọ́n pè é.

Ní ọjọ́ kejì Arlette gun zémìjàn, alùpùpù akérò, lọ sí Aguidi. Bàbá Ṣóbándé ni olórí ẹbí, ẹ̀gbọ́n bàbá Innocent. Kristẹni ni, ọ̀rọ̀ kì í sì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó gbọ́ ohun tí Arlette sọ títí dé òpin kó tó fèsì.

"Ìbínú lè mú kí ènìyàn gbàgbé èèwọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Ọjọ́ tí ẹ kó ẹrù rẹ̀ síta, ṣé ó bínú?"

"Ó bínú. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ya aṣọ mọ́ ara rẹ̀."

"Kí ló pe Béatrice lọ́jọ́ náà?"

Bàbá arúgbó náà wo ilẹ̀. "Eyínfúnjowó," ni ó wí. "Ó ń yí nílẹ̀ níhìn-ín, ó ń sọ pé, Eyínfúnjowó, ẹ má gba ọmọ mi."

Bàbá ní nígbà tí wọ́n bá ti kó àgbàdo tuntun wọlé, òun yóò pe gbogbo ẹbí. Òun yóò bi wọ́n ní ohun tí Arlette bi òun, orúkọ tí Flavienne ń pe Béatrice ni yóò sì jẹ́ àmì. Bí ohùn inú fóònù náà kò bá mọ orúkọ yẹn, àwọn ọmọ yóò padà sọ́dọ̀ ìyá wọn, ìyá wọn yóò sì padà sínú ilé rẹ̀.

"Àmọ́ má sọ orúkọ náà síta o. Bí olè bá mọ ibi tí a so ajá mọ́, ẹ̀yìnkùlé ni yóò gbà. Jẹ́ kí ó di ọjọ́ ìpàdé."

"Mo gbọ́, bàbá."

Fabiola dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi nígbà tí Arlette ń jáde. Ọmọ náà ti gùn sí i.

"Tanti, ṣé màmá mi kọ́ ló wà nínú fóònù yẹn?"

"Òun kọ́."

"Ohùn rẹ̀ ni."

"Mo mọ̀. Òun kọ́."

Ọmọ náà wò ó bí àwọn aṣojú ní ìgbìmọ̀ ṣe máa ń wò ó, bí ẹni tó fẹ́ gbà ṣùgbọ́n tí wọn kò fún un ní nǹkan tí yóò dì mú.

Ìjókòó ìgbìmọ̀ bọ́ sí àárín ìgbà yẹn. Owó ìrìn-àjò kò tó, wọ́n ní kí àwọn orílẹ̀-èdè kékeré sọ̀rọ̀ láti ilé. Arlette sọ tirẹ̀ láti ilé bàbá rẹ̀ ní Pobè. Sylvain, ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ Flavienne lẹ́nu rẹ̀ kó tó lọ sí Aguidi, wá láti Cotonou láti bójú tó ẹ̀rọ. Ó ka ọ̀rọ̀ tí Arlette kọ sílẹ̀, ó sì fi ìwé náà lé orí tábìlì.

"Màdáámù, ó péye. Ṣùgbọ́n ó gbẹ."

"Òfin ni. Kò yẹ kó rọ̀."

"Wọn yóò sùn. Ọ̀rọ̀ òfin ti sú wọn. Ẹ sọ ti àbúrò yín fún wọn. Ẹ fi orúkọ àwọn ènìyàn pamọ́, ṣùgbọ́n ẹ sọ orúkọ tí ìyàwó yẹn fún àbúrò ọkọ rẹ̀, kí ẹ sì túmọ̀ rẹ̀. Obìnrin tí eyín rẹ̀ funfun ju owó ẹyọ lọ! Ta ló máa gbàgbé ìyẹn?"

"Mo ti ṣèlérí pé mi ò ní sọ ọ́."

"Fún ta ni? Fún bàbá kan ní Aguidi? Ṣé Aguidi ń gbọ́ ìpàdé wa ni? Àwọn tó bẹ̀ wá níṣẹ́ gan-an kì í gbọ́ ọ."

Sylvain rẹ́rìn-ín. Arlette kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó mú kálámù. Ó mọ̀ pé gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ níbẹ̀ ni wọ́n ń gbé síta fún ẹnikẹ́ni láti kà. Òun fúnra rẹ̀ ló dìbò fún òfin yẹn, nítorí ó gbàgbọ́ pé ohun tó kan gbogbo ayé kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Ó tún ronú pé bí gbólóhùn kan bá wọ inú àdéhùn náà, kì í ṣe Flavienne nìkan ni yóò gbà là. Ó kọ orúkọ náà sínú ìwé.

Nígbà tó sọ̀rọ̀ tán, wọn kò sùn. Alága ìjókòó náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Aṣojú orílẹ̀-èdè kan tó jìnnà ní kí ó jọ̀wọ́ sọ bí wọ́n ṣe ń kọ Eyínfúnjowó sílẹ̀. Wọ́n gbà láti fi ìpínrọ̀ kan kún àdéhùn nítorí àwọn èdè tí ẹ̀rọ kò tíì mọ̀. Láti ìgbà tí Arlette ti wọ iṣẹ́ yìí, ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tó rí i pé ohun kan yí padà lójú òun.

Ilé-iṣẹ́ rédíò kékeré kan gbọ́. Ọmọ Pobè bá ayé sọ̀rọ̀, ayé sì gbọ́ ọ: ìròyìn ayọ̀ ni. Wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà sí Yorùbá, wọ́n kà á ní òwúrọ̀, wọ́n tún un kà ní ọ̀sán, wọ́n sì dárúkọ náà ní kíkún. Ní ọjà Sakété, àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ náà pe ara wọn ṣeré. Nígbà tí Arlette gbọ́ èyí, ó jókòó sórí ibùsùn rẹ̀, ó sì mọ ohun tí òun ti ṣe.

Ohùn kejì jáde nígbà tí wọ́n ń kó àgbàdo wọlé.

Ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì balẹ̀ jù ú lọ. Ohùn náà ń bá ọ̀rẹ́ kan tí a kò gbọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní bí wọ́n bá rò pé ọ̀rọ̀ Innocent ti tán, wọ́n ń tan ara wọn. Ó ní Eyínfúnjowó ló kàn. Ó pe orúkọ náà pẹ̀lú ẹ̀rín kúkúrú tí Flavienne máa ń rín bó bá ń pè é. Bí kì í bá ṣe pé Arlette mọ òtítọ́, òun náà ì bá gbà á gbọ́.

Abẹ́ igi máńgòrò ní Aguidi ni wọ́n ti ṣe ìpàdé ẹbí. Wọ́n jẹ́ kí Flavienne wá, ṣùgbọ́n ẹnu ọgbà ni wọ́n fi í sí. Béatrice ló gbé fóònù sókè tí gbogbo wọn fi gbọ́ ohùn náà. Kò sunkún lọ́tẹ̀ yìí.

Arlette dìde. Ó sọ ohun tó bi bàbá, ó sọ ohun tí bàbá dá a lóhùn. Lẹ́yìn náà ó ní òun ni òun gbé orúkọ náà síta. Láti ẹnu òun ni ẹni tó ṣe ohùn kejì ti kọ́ ọ.

"Ẹnu rẹ, níbo?" Bàbá Ṣóbándé bèèrè.

"Níwájú ìgbìmọ̀ àgbáyé, bàbá. Rédíò sì tún un sọ."

"Mo ní kí o má sọ ọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"O sọ ọ́ fún gbogbo ayé."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Béatrice sún síwájú. "Amòfin, ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè, nítorí èmi ò kàwé. Fókáálì àkọ́kọ́ pe orúkọ mi, ẹ ní àṣìṣe orúkọ ló fi hàn pé kì í ṣe òun. Ó dáa. Èkejì kò ṣàṣìṣe, ẹ tún ní kì í ṣe òun. Bó bá ṣì í pè, òun kọ́. Bó bá pè é dáadáa, òun kọ́. Ìgbà wo ló máa wá jẹ́ òun?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹnìkan ní, "Ẹ dá a lóhùn, àgbà amòfin. Ṣebí ayé ń gbọ́ yín."

Ìbéèrè tí wọ́n ti ń gbé ká orí tábìlì ìgbìmọ̀ láti ọdún kan sí èkejì, tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń kọ ìwé gbọọrọ lé lórí, òun ni Béatrice bi Arlette yìí. Kò sí ẹni tó ní èsì rẹ̀.

"Bàbá," ni Arlette wí, "ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀."

Bàbá Ṣóbándé fọwọ́ pe Flavienne. Ó wọlé, ó kúnlẹ̀. Ó mí sínú. "Bàbá," ni ó bẹ̀rẹ̀, "mo fi ọmọ mi búra, mi ò pa Innocent. Mi ò sọ ọ̀rọ̀ yẹn rí—"

Ìró kan sáré láàrin àwọn tó jókòó. Bó ṣe mí, bó ṣe fa ọ̀rọ̀ náà, bó ṣe bẹ̀rẹ̀: ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ nínú fóònù ni. Obìnrin kan di etí Fabiola. Flavienne wò yí ká, ó rí ojú wọn, ó sì gbìyànjú láti tún un sọ. Ohùn náà sì tún jọ ara rẹ̀ sí i. Bó ṣe ń sẹ́ ni ó ń jẹ́wọ́ lójú wọn. Ó pa ẹnu dé ní àárín ọ̀rọ̀.

Bàbá Ṣóbándé kò gbóhùn sókè.

"Èmi ni mo ní orúkọ ni àmì. Bí àmì náà kò bá wá, ọmọ ì bá padà. Orúkọ ti wá. Mi ò lè ní ohun tí mo gbà lánàá kì í ṣe ohun tí mo gbà lónìí nítorí pé ó yí sí ibi tí mi ò fẹ́." Ó wo Arlette. "Bóyá òótọ́ lo sọ. Ṣùgbọ́n o ti ná ẹ̀rí rẹ níbi tí a kò sí. Kò ṣẹ́kù kankan fún wa níhìn-ín. Ọmọ yóò dúró."

Àwọn ọmọ dúró ní Aguidi. Ilẹ̀ etí ọ̀nà wà lọ́wọ́ ẹbí.

Ọyẹ́ ti ń fẹ́ nígbà tí ìgbìmọ̀ kọ̀wé sí Arlette. Wọ́n ní ìpínrọ̀ rẹ̀ ti wọlé. Wọ́n ti gbé e lọ sí ọ̀rọ̀ ìṣáájú, níbi tí kò ti de ẹnikẹ́ni, wọ́n sì ti fi "níbi tó bá ṣeé ṣe" kún un. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n tún bèèrè bóyá obìnrin náà lè gbà kí wọ́n fi ohùn méjèèjì kọ́ àwọn ẹ̀rọ tó ń yẹ ohùn wò, nítorí irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Ó mú ìbéèrè náà lọ sí Sakété. Ọjọ́ ọjà ni. Flavienne jókòó sẹ́yìn òkìtì gàrí rẹ̀, ó ti rù. Obìnrin kan dúró níwájú rẹ̀, ó nawọ́ sí agolo tí wọ́n fi ń wọn gàrí.

"Ìyá oní-gàrí, èló ni tongólò kan?"

Flavienne na ìka sókè.

"Ẹ ò lè dín in?"

Ó mi orí.

"Háà! Ṣé owó-orí ni wọ́n ń gbà lórí ọ̀rọ̀ ní Sakété ni?"

Ẹni tó ń ta ẹ̀gẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dá a lóhùn pé, "Ẹ má bínú. Kì í sọ̀rọ̀ mọ́."

"Odi ni?"

"Rárá o. A mọ ohùn rẹ̀."

Oníbàárà náà rà, ó lọ. Arlette bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbúrò rẹ̀, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ bí yóò ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà náà ni Béatrice yọ láàrin ọjà pẹ̀lú agbọ̀n àgbàdo lórí. Fabiola ń tẹ̀ lé e. Béatrice rí wọn, ó yí ojú, ó sì ń lọ. Ọmọ náà dúró.

Ó dúró níwájú ìyá rẹ̀, ó ń wo ẹnu rẹ̀. Ó ń dúró de ọ̀rọ̀. Flavienne la ẹnu, ó mí sínú bó ṣe máa ń mí. Èjìká ọmọ náà le. Flavienne rí i, ó sì pa ẹnu dé. Ó bu gàrí kún ọwọ́, èyí tó kúná jù, ó sì dà á sí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ rẹ̀.

Fabiola wo gàrí náà pẹ́. Ó gbójú sókè wo ìyá rẹ̀. Ó ya ìka rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, gàrí náà sì ń dà sílẹ̀ láàrin wọn títí tó fi tán. Ó nu ọwọ́ mọ́ aṣọ rẹ̀, ó sì sáré bá Béatrice.

Arlette fi fóònù náà sínú àpò. Flavienne na ọwọ́, ó ń ṣa gàrí náà kúrò nínú erùpẹ̀.